Ta Ló Ru Yanrìn Abà Olórógbo?

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kìíní 1995. Àkúrẹ́.

Wọ́n pín iṣẹ́ ìsìnkú Bàbá Àgbà lónìí. Àwọn kan gba màlúù, àwọn kan gba àga àti àtíbàbà, èmi gba bébà. Èmi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìn, èmi náà ni màá kà á sétí ìjọ ní Oǹdó lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀. Àkọ́bí ọmọkùnrin ló yẹ kó kà á, ṣùgbọ́n Dádì ò lè kúrò ní Amẹ́ríkà báyìí, èmi ni mo dúró fún un. Mọ́mì Alágbàká ló pàṣẹ, àbúrò Dádì tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ hẹdimísírẹ́ẹ̀sì, àmọ́ a ò tíì fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ ẹ̀.

"Yorùbá ni kó o fi kọ ọ́ o," ó ní. "Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ò wá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì Ohio. Ojú ewé méjì péré. Kánsẹ́lọ̀, aṣòfin l'Ékòó, alága kánsù, ilé ìgbẹ̀bí, ọmọ mẹ́fà, àmín."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kúrò nílẹ̀ yìí, mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Yorùbá mi dúró síbi tí mo fi í sí. Tí mo bá lanu, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé yìí ní Ọjà Ọba. Yorùbá nìkan ni màá máa kọ sínú ẹ̀ títí a ó fi sin Bàbá.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọdún kan gbáko ni mo fi tọ ipasẹ̀ Elihu Partridge tó kú lọ́dún 1871. Kánsẹ́lọ̀ ni nílùú kékeré kan ní Ohio, ó lọ ṣe aṣòfin ní Washington lẹ́ẹ̀mejì, ó padà wálé wá di olórí ìlú ẹ̀. Ọ̀nà tí Bàbá gbà gan-an nìyẹn. Afárá kan wà tí wọ́n kọ orúkọ Partridge sí gàdàgbà. Mo ka gbogbo lẹ́tà tó fi sílẹ̀, mo rí i pé àwọn lébìrà tó wá láti Ireland ló kọ́ ọ, pé òun ò tiẹ̀ sí nílé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi lẹ́bùn. Ṣé ti Bàbá tèmi ló máa wá le?

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kìíní.

Ọyẹ́ mú. Ètè mi ti là. Kò sí epo bẹntiróò ní gbogbo Àkúrẹ́. Owó takisí láti Ọjà Ọba wá sí Alágbàká ti di ìlọ́po méjì ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dẹ́rẹ́bà sì ń pariwo mọ́ wa bí ẹni pé àwa la gbé epo pamọ́.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Mo bá àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin Èkó sílẹ̀, eruku ti bò wọ́n. Bàbá dé Ilé Aṣòfin ní ìparí ọdún 1959, ó wà níbẹ̀ títí àwọn sójà fi ní kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀ ní 1966. Elihu Partridge sọ̀rọ̀ ní ogójì ìgbà láàárín ọdún mẹ́rin. Bàbá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, nípa àpò kòkó. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ jẹun.

Ọdún mẹ́fà!

Mo sọ fún Mọ́mì. "Ta ló rán ẹ lọ kà á?" ni ohun tó sọ.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kìíní. Oǹdó.

Bàbá Bọ́láwálé ránṣẹ́ pè mí. Akọ̀wé Bàbá ni láti ìgbà kánsù, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ṣì ń pa irun ẹ̀ láró. Ó ti to àga sílẹ̀, ó ti múra bí ẹni tó ń retí àwọn oníròyìn rédíò.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ní ọdún 1964, Ọ́nárébù fi ilẹ̀ ara wọn àti owó ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Abà Olórógbo, kí àwọn aláboyún má baà máa kú sójú ọ̀nà mọ́."

"Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ?"

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí i."

"Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ńkọ́?"

Ó wò mí, ó wò mí. "Ọmọ Ọ́nárébù, nígbà tí wọ́n rán ẹ lọ sílùú òyìnbó, ṣé lọ́yà ni wọ́n ní kó o lọ kọ́ ni?"

Mo ní màá lọ wo ilé ìgbẹ̀bí náà fúnra mi. Ó ní ọ̀nà ò dáa. Mo ní mo ní bàtà.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kìíní.

Ọ̀nà ò dáa lóòótọ́. Ọ̀kadà gbé mi já wọ inú kòtò lẹ́ẹ̀mẹta, eruku sọ irun mi di pupa.

Yàrá mẹ́rin ni ilé ìgbẹ̀bí Abà Olórógbo, pẹ̀lú yàrá kékeré kan lẹ́yìn. Páànù ti dípẹtà. Òkúta kan wà lára ògiri níwájú, òkúta gidi, tó ń dán. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ: pé Ọ́nárébù R. A. Akínwùmí ló ṣí ilé báyìí-báyìí yìí. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí irú ilé tó jẹ́ wà, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi dí i, tí wọ́n wá fi ọ̀dà kọ "ilé ìgbẹ̀bí" lé e lórí. Ọ̀dà náà ti ń ṣí. Mo ń fi èékánná ha á nígbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ta lò ń wá?"

Ìyá arúgbó kan ni, ó gùn, ó mú ọ̀pá dání, kò sì fara tì í. Mo kúnlẹ̀. Mo ní Monílọ́lá ni mí, ọmọ-ọmọ Olóyè Akínwùmí.

"Ọmọ Rúbẹ́nì! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá kó ẹrù mi síta. Mo rò pé àwọn géńdé ni wọ́n máa rán."

Mi ò mọ nǹkan tó ń sọ. Ó wọlé, sínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, ó mú lẹ́tà kan jáde. Mo mọ ìkọ̀wé náà kí n tó kà á. Mọ́mì ló kọ ọ́ lórúkọ ìdílé: pé wọ́n máa sọ ilé ìgbẹ̀bí ní Ilé Ìrántí Akínwùmí, pé ìjọba ìbílẹ̀ máa gbé pátákó tuntun síbẹ̀ tí ìwé ètò ìsìnkú bá ti jáde, kí wọ́n lè da ìtàn ibẹ̀ kọ láti inú ẹ̀, pé yàrá ẹ̀yìn ni wọn yóò máa gbé àwòrán Bàbá kọ́ sí, nítorí náà kí Màmá Ìbídùnní kó jáde kí oṣù Kejì tó parí. Adéjọkẹ́, orúkọ Mọ́mì, ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, pẹ̀lú ìlà méjì lábẹ́ bí ti ìwé ìdánwò.

Ìyá náà gan-an ni Màmá Ìbídùnní, ó ní kí n jókòó. Ohùn Oǹdó ẹ̀ jinlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ, kò bínú. Ilẹ̀ tí a jókòó lé, oko kòkó tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. Agbẹ̀bí ni. Lọ́dún 1963, aláboyún mẹ́ta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oṣù kan, lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń gbé wọn lọ sí Oǹdó. Ó gé kòkó rẹ̀ lulẹ̀. Ó pe àwọn obìnrin abà jọ.

"Àwa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. A ru yanrìn láti odò. Kó o tó lọ soko, ẹrù méjì. Tó o bá toko dé, ẹrù kan. Oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí páànù ti wà lórí ẹ̀ ni Rúbẹ́nì fi mọ́tò gbé òkúta dé."

"Ẹ ò bá a jà?"

"Ó kó búrẹ́dì wá. A ti ń jó kí ẹnì kankan tó ka ohun tó wà lára òkúta. Ta ló tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà nínú wa?" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Rúbẹ́nì kì í ṣèèyàn burúkú o. Tó bá délé ẹ, á béèrè orúkọ gbogbo ọmọ ẹ, á béèrè ti ewúrẹ́ ẹ. Ọjọ́ òkúta yẹn nìkan ni kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni."

Mo bi í pé ẹlẹ́rìí wo ló wà.

"Ọ̀pọ̀ ti kú. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà yìí."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ lo máa kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì? Dárúkọ mi. Kí n dìde."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n bá ń ka ìtàn olóògbé, ẹni tí wọ́n bá dárúkọ á dìde, á wà lórí ìdúró títí wọ́n á fi dárúkọ ẹlòmíì. Ohun tí ìjọ bá ti fi ojú rí báyẹn, kò sí ìwé tó lè yí i mọ́. Tí gbogbo Oǹdó bá rí i lórí ìdúró, ta ló máa láyà láti kó ẹrù ẹ̀ síta?

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kìíní.

Inú ń bí mi. Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kìíní. Àkúrẹ́.

Mo dúró kí Mọ́mì mu tíì tán. Búrẹ́dì tún ti fò sókè, ó ń bú àwọn oníbúrẹ́dì, mo sì fi tèmi kún un.

"Mọ́mì, ta ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí Abà Olórógbo?"

"Bàbá mi."

"Màmá Ìbídùnní ní kí n bi yín."

Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "O lọ síbẹ̀."

"Mo lọ. Ẹ fẹ́ lé ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún kúrò lórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ nítorí fọ́tò? Fọ́tò, Mọ́mì! Kí ògiri lè rí Bàbá?"

"Rọra o."

"Partridge tí mo kọ nípa ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí n parọ́ fún un!"

"Nítorí pé kò lọ́mọ tó kù láyé!" Ó ti dìde. Mi ò rí i kó pariwo rí. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fojú wa rí? Lọ́dún 1965, wọ́n sun ilé bàbá mi mọ́lẹ̀ ráúráú. Èmi tí mo wà nínú oyún, ẹsẹ̀ ni mo fi sá dé Ìgbàrà-Òkè. Àwọn tó ń jẹun nílé wa ló mú iná wá. Ilé lọ, oko lọ, sójà gba ipò. Orúkọ ló kù fún un. Orúkọ yẹn náà ló gbé bàbá ẹ dé Amẹ́ríkà, òun ló jẹ́ kí ìwọ lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti máa bi àgbà ní ìbéèrè. O fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú pósí?"

Mo wá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́: "Mọ́mì, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó kó àwọn kọ́ọ̀bù, ó lọ fọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti délé yìí, mi ò rí i kó fọ abọ́ rí.

Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kìíní. Oǹdó.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Bọ́láwálé. Mo ní mo ti ha símẹ́ǹtì ara òkúta, mo sì ti rí lẹ́tà méjì lábẹ́ ẹ̀. Irọ́ ni, ọ̀dà nìkan ni mo tíì ha. Ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀.

"Póòsì ọ́fíìsì," ó ní.

"Kí ni?"

"Òkúta póòsì ọ́fíìsì ni. Ìlú kan wà tí a ṣèlérí póòsì ọ́fíìsì fún. A gbẹ́ òkúta ẹ̀ ní Ìbàdàn, òkúta olówó iyebíye. Póòsì ọ́fíìsì ò wá. Ọdún méjì ni òkúta fi wà ní gáréèjì Ọ́nárébù, tí adìyẹ ń sùn lé e. Ìdìbò wá ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn obìnrin kan ti kọ́lé parí ní Abà Olórógbo, kò sì ní òkúta. Àwa ní òkúta, kò nílé."

"Bàbá!"

"Mo sọ fún wọn! Mo ní, 'Sà, póòsì ọ́fíìsì ló wà lára ẹ̀.' Wọ́n ní, 'Bọ́láwálé, símẹ́ǹtì ò ha sí mọ́ láyé ni?'" Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín mú mi. Ìyẹn náà tún wá ń bí mi nínú.

Ní ẹnu ọ̀nà ó ní, "O ò ní kọ ọ́, àbí?"

Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀. Ẹ má tíì pa irun yín láró fún fọ́tò."

Ìṣẹ́gun, 31 Oṣù Kìíní. Àkúrẹ́.

Wọ́n ti gbọ́ pé èmi ni mò ń kọ ìtàn. Ìbátan kan láti Ìgbàrà-Òkè gbé iṣu mẹ́rin wá: òun fẹ́ dìde. Mo ní ipa wo lẹ kó nínú ayé Bàbá? Ó ní Bàbá jẹun nílé òun lọ́dún 1981. Òmíràn ti rán aṣọ tó máa fi dìde tán. Gbogbo wọn ni Mọ́mì ń fi bíró pupa fagi lé, àfi oníṣu.

Oníṣu á dìde! Ẹni tó fi ilẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ẹrù ni kó máa dì.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kejì.

Mo parí ẹ̀. Ojú ewé méjì, ọjọ́ mẹ́jọ. Mo kọ gbogbo oore tí Bàbá ṣe, ó sì pọ̀. Nígbà tó di alága kánsù, ó la ọ̀nà sí abà méje, ó sì mọ orúkọ olúkúlùkù tó ń gbé níbẹ̀. Mo wá kọ èyí:

"Ní ọdún 1964, Màmá Ìbídùnní fi oko kòkó rẹ̀ sílẹ̀, àwọn obìnrin Abà Olórógbo ru yanrìn, omi àti òkúta, wọ́n sì kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Olóyè Akínwùmí ló bá wọn ṣí i."

Mo fún Mọ́mì. Ó kà á tán. Ó ṣe àtúnṣe àmì ohùn méjì. "Gbé e lọ fún Adébùsóyè kó tẹ̀ ẹ́," ó ní.

Mo fò sókè nínú yàrá mi. Mo ti mọ̀ pé ọkàn ẹ̀ dáa!

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kejì.

Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni Adébùsóyè onítẹ̀wé. Ó ka ìtàn náà lórí ìdúró, gíláàsì ojú ẹ̀ wà ní ìdí imú. "Uṣẹ́ gidi ni o ṣe yìí," ó ní. "Ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ dárúkọ ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ní iye bébà tún ti yí padà láti àárọ̀, kí n jọ̀ọ́ kí n má bínú sí òun, kí n bínú sí ìjọba. Mo ní mo ní ìbínú tó tó ẹni méjèèjì.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kejì.

Mo lọ gba ẹgbẹ̀rin ẹ̀dà. Ó rẹwà. Bàbá ń rẹ́rìn-ín níwájú pẹ̀lú fìlà ẹ̀. Mo ṣí i sójú ewé kẹrin.

"Ní ọdún 1964, Olóyè Akínwùmí fi ilẹ̀ ara rẹ̀ àti owó ara rẹ̀ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí Abà Olórógbo."

"Mọ́mì yín ló wá lọ́jọ́ Sátidé," Adébùsóyè ní, kò wo ojú mi. "Pẹ̀lú bíró pupa. Mo ní, 'Mà, ọmọ yìí ńkọ́?' Ó ní, 'Ọmọ ni.'"

Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀! Èmi, Monílọ́lá Akínwùmí, ni mo kọ irọ́ yìí, ẹgbẹ̀rin ẹ̀dà. Mọ́mì sọ mí di ọmọ kíláàsì ẹ̀, ó gba ìwé mi, ó kọ ìdáhùn tirẹ̀ sí i, ó sì dá orúkọ mi padà sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ iwájú, bí ọmọ kan tó dà bíi tèmi bá wá wá ìtàn Bàbá, ìwé yìí ló máa rí. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí ni mí. Màmá Ìbídùnní á ti kúrò nínú ayé pátápátá, bí ẹni tí kò gbé yanrìn rí.

Mi ò jẹun alẹ́. Mọ́mì náà ò bi mí ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kejì.

Mo lọ sọ fún Màmá. Mo rò pé yóò sunkún, mo ti mú áńkáṣíìfù dání. Ó ń di ìkòkò sínú àpò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Ṣé èyí tí wọ́n tẹ̀ yẹn lo máa kà?"

"Màmá, òun ló máa wà lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. Tí mo bá ka òmíràn, wọ́n á ní orí mi ti yí."

"Ehn." Ó tẹ ìkòkò náà wọ inú àpò. "Èmi á wá. Mo sin ìyàwó Rúbẹ́nì, màá sin Rúbẹ́nì. Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí."

Mo ní kí ni kí n ṣe.

"Ìwọ lo kàwé," ó ní, ó sì fún mi ní ìkòkò kejì kí n bá a dì í. Mo bá a dì í.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kejì. Oǹdó.

Òjò àkọ́rọ̀. Àtíbàbà wó. Gbogbo ilé ń pariwo, inú èmi nìkan dùn díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kejì.

A ti sin Bàbá. Ọ̀la ni màá kọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kejì.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Kánọ̀n, àlùfáà wa, pè mí. Mo gun orí àga ìwàásù, mo gbé ìwé ètò ìsìn dání, ẹgbẹ̀rin èèyàn ṣí ti wọn sójú ewé kan náà, ó dún bí ìgbà tí ẹyẹ bá gbéra.

Mo ka ìbí Bàbá. Mo ka kánsù. Mo dárúkọ Bàbá Bọ́láwálé, ó dìde, ó to agbádá ẹ̀. Mo dárúkọ oníṣu, ó dìde, ó juwọ́. Mo ka Èkó, mi ò sọ iye ìgbà tó sọ̀rọ̀, mo gbìyànjú. Mo dárúkọ Mọ́mì, ó dìde nínú léèsì funfun, ó dúró gbọọrọ.

Mo wá dé ibẹ̀. Gbólóhùn náà dúdú, ó mọ́ kedere, kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ẹ̀ àfi irọ́.

Mo ti ronú ọ̀rọ̀ gígùn. Mo ti kọ́ ọ sórí, pẹ̀lú òkúta póòsì ọ́fíìsì àti gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí Mọ́mì níwájú mi lórí ìdúró, ẹni tó fẹsẹ̀ sá lọ sí Ìgbàrà-Òkè, mo sì rí pósí. Ọ̀rọ̀ gígùn náà fò lọ. Mo gbójú sókè, mo ní:

"Màmá Ìbídùnní, Abà Olórógbo."

Ìyẹn nìkan.

Mọ́mì jókòó, nítorí pé mo ti dárúkọ ẹlòmíì. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé síwájú, sẹ́yìn, tí wọ́n ń wá orúkọ náà, tí wọn ò rí i. Ní ìlà ìgbẹ̀yìn, ọ̀pá kan kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, òun náà. Àǹkárá ló wọ̀. Ó dìde tán pátápátá, ó sì wo gbogbo wọn.

Ó yẹ kí n máa kà lọ, kí n dárúkọ ẹni tó kàn, kó lè jókòó. Mi ò kà. Mo pa ìwé dé.

Obìnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. N ò dárúkọ ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ọwọ́ wọn ni wọ́n bí mi sí." Ọkùnrin kan dìde lápá òsì, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gbogbo ìlà kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, ìyá àti ọmọ. Àwọn tó wà níta lábẹ́ igi dìde, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ò tiẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n dárúkọ, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn. Bàbá Bọ́láwálé tún dìde.

Kánọ̀n bọ́ gíláàsì ẹ̀. Ó sún mọ́ maikirofóònù, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe ìfilọ̀: "Àbígbẹ̀yìn tèmi náà. Ó dáa, ọmọ mi, máa kà lọ."

Mo kà lọ, láti ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ka gbólóhùn yẹn sókè nínú wa lánàá.

Mọ́mì nìkan ni kò gbójú sókè. Ó ń wo ojú ewé kẹrin bí ẹni tó ń máàkì.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá fi ọ̀pá nà mí lẹ́sẹ̀ díẹ̀. "O pẹ́ jù kó o tó ka ẹni tó kàn! Orúnkún mi ńkọ́?" Bàbá Bọ́láwálé ní, "Ọmọ Ọ́nárébù, o ò gbọ́n rárá." Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà dìde." Ó ní, "Àga yẹn ló le."

Mọ́mì fi ọwọ́ ara ẹ̀ bu oúnjẹ fún gbogbo àlejò. Ó fo àwo mi.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹta. Abà Olórógbo.

Ọjọ́ kejìlá nìyí tí Mọ́mì kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti kó wá sí Oǹdó, sílé tí Bàbá tún kọ́ lẹ́yìn iná yẹn. Kò sí ẹni tó wá kó ẹrù Màmá jáde, kò sì sí ẹni tó sọ pé kó tú u. Àpò ìkòkò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá wò ó.

Lónìí mo bá bíríkìlà kan níbẹ̀, láti Àkúrẹ́, pẹ̀lú páànù tuntun mẹ́fà àti àpò símẹ́ǹtì kan. Mo fò bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo ti ń pariwo kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀: ta ló rán an, yàrá wo ló fẹ́ wó?

"Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ òrùlé yàrá ẹ̀yìn tó ń jò. Wọ́n sì ní kí n da símẹ́ǹtì sábẹ́ òkúta yẹn, kí n fi ìṣó kọ nǹkan sí i kó tó gbẹ." Ó na ìwé kan sí mi. "Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì kan ní Alágbàká ni."

Bíró pupa. Ìkọ̀wé ojú pátákó. Orúkọ èèyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú ohun tí kálukú rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: yanrìn, yanrìn, òkúta, yanrìn. Màmá Ìbídùnní ló ṣáájú: ilẹ̀.

Mo kà á sókè fún Màmá. Ní gbogbo orúkọ ló ń mi orí, ní àwọn kan ó ń dá mi dúró kó tó ní kí n máa lọ. Mo bi í pé báwo ni Mọ́mì ṣe rántí gbogbo wọn, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Tíṣà abà ni nígbà yẹn," ó ní. "Rẹ́jísítà ilé ìwé ló fi ń pe orúkọ wa láràárọ̀. Tó o bá pẹ́ dé odò, á fi bíró pupa sàmì sí ẹ."

Mo ka iye orúkọ náà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Màmá sọ fún mi, ìwé yìí fi ẹyọ kan lé. Mo tún un kà láti òkè. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn, tó kéré ju gbogbo ìyókù lọ, láìsí ìlà kankan lábẹ́ ẹ̀:

Adéjọkẹ́: omi.